Ọwọ́ Tó Kọ́kọ́ Ń Kọ Òdo
Bí mo bá rí ọ̀dọ́ Ìlọrin tó ń fi èdè C kọ ètò kọ̀ǹpútà, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Malloc á fún un láyè nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò ní gbá àyè náà fún un. Ohun tí iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá fi sílẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà àkáǹtì. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á lo calloc, tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di òdo. Ẹni tó fọ igbá kó tó bu oúnjẹ sí i kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti struct, tó ń kó oríṣiríṣi iye pọ̀ sójú kan, ló wú mi lórí jù. Àlàfo máa ń wà láàárín àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Èèyàn lè fi iye sí gbogbo ẹ̀ka kó má kan àlàfo náà. Àgbà oníṣẹ́ á fi memset nù ún látòkèdélẹ̀ kó tó fi iye sí i, kó tó fi ránṣẹ́ síta. (Àwọn kan ń kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.) Lẹ́yìn náà, á fi Valgrind, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe ìlò ìrántí, yẹ ètò náà wò.

Láti ọdún 2019 ni Linux 5.3 ti ní init_on_alloc, tó ń sọ àyè di òdo kó tó pín in. Ó dára, àmọ́ ọwọ́ tí kì í dúró de ìyẹn ni mo fẹ́.