Ẹrù àti Ìfaradà Ìkùnà nínú Kóróòmù Kọ̀ǹpútà: Àríwísí Iṣẹ́ Naor àti Wool

Naor àti Wool (1998) fi ìṣirò hàn pé bí ẹrù ṣe ń fúyẹ́ ni ààlà ìfaradà ìkùnà ń súnkì. Òótọ́ ni. Bí kọ̀ǹpútà 9 bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kan náà, tí èyíkéyìí 5 sì jẹ́ kóróòmù, 4 lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa dáhùn ìdá 5 nínú 9 gbogbo ìbéèrè. Bí a bá tò wọ́n ní 3 lọ́nà 3, tí a ń kà ní ìlà ìbú, tí a sì ń kọ ní ìlà òòró, ìlà méjèèjì kò lè ṣàìpàdé, ẹrù sì di ìdá 1 nínú 3. Àmọ́ bí 3 péré bá kú, ọ̀kan nínú ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, kíkà parí. Àléébù òṣùwọ̀n wọn ni pé ó ka gbogbo kọ̀ǹpútà sí ọgbọọgba, kò sì ya kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára kíkọ. Èyí ni Whittaker àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ (2021) tún ṣe.