Ẹ̀rù Tí Kò Ba Ẹnikẹ́ni Mọ́: Èrò Wa Lórí Àwọn Eré Àtijọ́ Tí Wọ́n Ń Tún Ṣe

  Bí a ti ń yọ̀ pé ọdún tún yí po bá ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìrántí yìí. Ọ̀rọ̀ eré tí a ń wò nínú ilé wa ni, pàápàá jù lọ àwọn eré adẹ́rùbani àtijọ́ tí àwọn olówó ń tún ṣe lóde òní. Ẹlòmíràn lè sọ pé eré lásán ni, kí ni a fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Sókótó, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì rí, níbo ló ti ń rí ọba, ọdẹ, babaláwo àti ọjà alẹ́ bí kò ṣe nínú eré? Ohun tí eré bá fi hàn án ni yóò gbà pé Yorùbá jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi mú kálámù.

Ohun tí àwọn olólùfẹ́ eré ń sọ

Bí a bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ tàbí lẹ́yìn ìpàdé oṣù, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan eré, ọ̀nà méjì ni a máa ń pín sí. Àwọn tó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ á ní eré ti tán nílẹ̀, pé ariwo àti aṣọ olówó ńlá ló kù. Àwọn ọ̀dọ́ á dáhùn pé, "Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, eré ìgbà yín ń falẹ̀, ohùn ò já gaara, àwòrán ṣú." Wọ́n á wá tọ́ka sí Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022, àti Agẹṣinkólé tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní ọdún kan náà. Wọ́n á ní ṣé irú àwòrán báyìí wà láyé yín?

Lójú tiwa, àwọn ọ̀dọ́ jàre dé ìwọ̀n kan. Aṣọ, ilé, ẹṣin, ìmọ́lẹ̀ àti ohùn ti dára sí i, inú wa sì ń dùn pé a lè pe àwọn aládùúgbò wa wá wò ó láìtijú. Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an ni àwọn eré adẹ́rùbani tí wọ́n tún ṣe. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nídìí irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ń yán, wọ́n sì ń tẹ fóònù kí eré tó dé ìdajì. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdí rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti wá

Olóògbé Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, oníṣègùn tó ń bá àwọn àjẹ́ jà kí ìlú lè rójú. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, Jímọ̀ Àlíù gbé Àrélù wá sórí tẹlifíṣọ̀n, Fádèyí Olóró sì di orúkọ tí àwọn ìyá fi ń mú ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn. Ní 1989, Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Ígbò, náwó sí eré Yorùbá orí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Àjẹ́ Ni Ìyá Mi. Ní 1992, òun kan náà ló gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ígbò, eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìpìlẹ̀ Nollywood. Nítorí náà, bí a bá ní ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré Yorùbá ni ọ̀nà náà ti kọ́kọ́ là, a kò purọ́.

Ẹ wo ohun tó so àwọn eré wọ̀nyí pọ̀. Ewu inú wọn kì í ti ọ̀nà jíjìn wá. Orúkọ eré 1989 yẹn ti sọ ọ́ tán: ìyá ẹni ni. Nínú Living in Bondage, Andy fi ìyàwó rẹ̀, Merit, ṣe ètùtù owó. Ó rí owó náà, ṣùgbọ́n òkú Merit ń yọ sí i títí orí rẹ̀ fi dàrú. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èèwọ̀ kan wà tí gbogbo wa mọ̀, ẹnìkan rú u, ẹ̀san sì ń bọ̀. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ tó ń wò ó mọ̀ pé òun náà fẹ́ràn owó, pé òun náà ní ọ̀rẹ́ tí owó rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Bí àwòrán ṣú, bí ohùn ń gbọ̀n, ẹ̀rù yẹn kò ní kó má dé.

Nneka àtijọ́ àti Nneka tuntun

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo wa mọ̀. Zeb Ejiro darí Nneka the Pretty Serpent ní 1994, Ndidi Obi sì ṣe Nneka. Ẹ̀mí inú omi ni Nneka, ó gbé àwọ̀ arẹwà wọ̀, ó ń fa àwọn ọkùnrin tó rí já jẹ mọ́ra láti ba ayé wọn jẹ́. A rántí bí eré yẹn ṣe kó àwọn ọkùnrin láyà jẹ. Ọkùnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí òkè Ọya, tó fi aya sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin, tí ó sì ń wojú ọlọ́mọge ní ìrọ̀lẹ́, mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ní oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Tosin Igho ló darí rẹ̀, Idia Aisien sì ṣe Nneka. Àwòrán rẹ̀ mọ́, aṣọ rẹ̀ dára, ilé inú rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n wọ́n yí ìdí eré padà. Nneka tuntun jẹ́ ọmọ tí wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀ ní ìṣojú rẹ̀. Ó dàgbà, ó gba agbára, ó sì ń gbẹ̀san lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. A mọ èrò àwọn tó ṣe é: wọn kò fẹ́ kí obìnrin jẹ́ ejò lásán, wọ́n fẹ́ kí ó ní ẹjọ́ tirẹ̀. Èrò náà dára. Àmọ́ ẹ wo ohun tó sọ nù. Láti ìbẹ̀rẹ̀, a wà lẹ́yìn Nneka. Ẹni tó bá pa, ó yẹ ní pípa. Ta ló ń bẹ̀rù ẹni tó ń bá a gbèjà? Ọkùnrin tó fi aya sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lè jókòó kó máa jẹ gúgúrú rẹ̀, nítorí kò pa òbí ẹnikẹ́ni. Eré náà ti di eré ọlọ́pàá àti olè, ó kàn wọ aṣọ ejò ni.

Ìwọ̀sí yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 1998, Gus Van Sant ní Amẹ́ríkà tún Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1960 ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo àwòrán rẹ̀ kọ bó ṣe wà, ó sì fi àwọ̀ kún un. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò tẹ̀lé e wá. Ọ̀kan pa ìdí eré dà, èkejì da eré kọ lódindi, àwọn méjèèjì sì pàdánù ohun kan náà: wọn kò bi ara wọn léèrè ohun tó ń ba àwọn ènìyàn ìgbà tiwọn lẹ́rù nínú ilé wọn.

Èyí tó ṣe dáadáa

Kí a má bàa dà bí àgbà tí ohunkóhun kì í tẹ́ lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí a yin ẹni tó yẹ. Ní 2019, Ramsey Nouah darí Living in Bondage: Breaking Free. Dípò kí ó tún ìtàn Andy sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó bi ìbéèrè tí Yorùbá máa ń bi: kí ni ọmọ yóò jẹ lára ohun tí bàbá gbìn? Nnamdi, ọmọ Andy, ni ọ̀rọ̀ náà kàn báyìí, Kenneth Okonkwo sì padà wá gẹ́gẹ́ bí Andy lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Owó òjijì tí Nnamdi ń lé ni owó tí àwọn ọmọ wa ń rí lórí fóònù lójoojúmọ́. Ọkọ̀ náà tuntun, aago ọwọ́ náà tuntun, èèwọ̀ náà kò yí padà. A rí àwọn ọ̀dọ́ tí kò sọ̀rọ̀ títí eré náà fi parí.

Mami Wata tí C. J. Obasi gbé jáde ní 2023 náà yẹ ní mímẹ́nu bà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí inú omi ni, bíi ti Nneka. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, wọ́n yà á ní orílẹ̀-èdè Benin, Lílis Soares tó ya àwòrán rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún Sundance. Abúlé kan wà nínú rẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé òrìṣà omi, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ìyẹn nìkan tó láti dẹ́rù ba ẹni tó bá mọ bí ìlú ṣe ń fọ́. Kò sí àwọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ní àwòrán náà ṣú.

Ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe

A ti yin eré àtijọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ bò ó láṣìírí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ta ni àjẹ́ nínú eré wa? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá arúgbó ni, tàbí opó, tàbí ìyá ọkọ. Ìyá Gbọ́nkàn, òṣèré tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ni ọ̀pọ̀ ọmọdé gbà pé àjẹ́ ni lóòótọ́ nítorí ipa tí wọ́n máa ń fún un. Àwọn ọmọ wa tó gbọ́ ìtàn dodo lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwé mọ̀ pé dodo kò sí ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá wọn wà ní abúlé. Bí a bá mú wọn relé fún ọdún, tí ìyá àgbà na ọwọ́ pé kí wọ́n wá jẹ ẹran, ọmọ tó ti wo ogún irú eré bẹ́ẹ̀ á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ǹjẹ́ ó dára kí ọmọ máa sá fún ẹni tó bí bàbá rẹ̀? Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Àgbàlagbà tí òwò rẹ̀ kò lọ déédéé náà ń wo ìyá rẹ̀ ní ìwòkuwò.

Èyí gan-an ni àtúnṣe tí a ń retí. Túndé Kèlání ti fi ọ̀nà hàn ní 2001 nínú Thunderbolt, tí a tún mọ̀ sí Mágùn, láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Ìyàwó jẹ́ ọmọ Ígbò, ọkọ jẹ́ Yorùbá, iṣẹ́ sì mú kí wọ́n máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìfura àti àhesọ ló wọ àárín wọn, ohun tó ń pani sì tẹ̀lé e. Kò sí ìyá arúgbó tó ń fò lóru nínú rẹ̀. Ọkùnrin tí kò gba ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ni ewu náà. Àwa tí iṣẹ́ ìjọba pín ilé wa sí méjì, ọ̀kan ní Sókótó, èkejì ní ìlú wa, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀rù yẹn fún wa?

Ẹ̀bẹ̀ wa

Ẹ̀yin tó ń ṣe eré, bí ẹ bá fẹ́ tún ilé bàbá yín kọ́, ẹ pààrọ̀ páànù, ẹ kun ọ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ má hú ìpìlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ èèwọ̀ tí wọ́n rú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó rú u jẹ́ ẹni tó jọ wá. Ẹ sì gba àwọn ìyá wa arúgbó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí wọn kò mọ nǹkan nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, Africa Magic Yorùbá ti wà láti 2010, YouTube sì kún fún eré wa, tuntun àti àtijọ́. Ẹ má kàn tan tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ kí ẹ bá tiyín lọ. Bí iná bá wà, ẹ jókòó tì wọ́n. Bí eré bá parí, ẹ bi wọ́n ní Yorùbá, kì í ṣe ní Hausa, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì: Èèwọ̀ wo ni wọ́n rú? Ta ló rú u? Ta ló jìyà rẹ̀, ǹjẹ́ ìyà náà tọ́ sí i? Ọmọ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ Yorùbá, ó sì ti gbọ́ ìwà. Bí kò bá sí ìdáhùn nínú eré náà, ẹ fúnra yín ẹ sọ ìtàn kan fún un kó tó sùn.

Ẹgbẹ́ wa náà lè ya alẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún, kí a gbé eré àtijọ́ kan àti àtúnṣe rẹ̀ sí ojú ògiri gbọ̀ngàn, kí àgbà àti ọ̀dọ́ jọ wò ó, kí a sì jọ jiyàn rẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí. Kò ná wa ju ẹ̀rọ kan àti epo jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí èdè wa parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Kí ó dá àwọn ìyá wa sí fún wa, kí ó sì jẹ́ kí a tún pàdé ní àmọ́dún pẹ̀lú ayọ̀. Àṣẹ.