Ọ̀pá Lọ́wọ́ Ọlọ́kọ̀ Nokoué

Ní èbúté Abomey-Calavi, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Ganvié, ìlú orí adágún Nokoué, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ẹni tó bá ń kánjú máa ń wọ̀. Èmi ò kánjú. Odindi ọjọ́ kan ni mo yà sọ́tọ̀ fún omi, mo sì fẹ́ wo iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó gbọ́ Yorùbá Àjàṣẹ́ dáadáa ni mo bá ná an. Ọ̀pá gígùn kan, àjẹ̀ kan àti igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n jókòó sí àárín, kí n má sì máa yí kiri.

Ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ wò. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n dúró sí, ẹsẹ̀ kan ṣíwájú èkejì, orúnkún rọ̀ díẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá sáré kọjá tí ìgbì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ a mì, ẹsẹ̀ wọn a bá a mì, ṣùgbọ́n láti ìbàdí sókè, bàbá ò ní yẹ̀.

Wọn kì í ju ọ̀pá sómi. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kó yọ̀ gba àárín àtẹ́lẹwọ́ wọn títí tí yóò fi kan ilẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ gan-an. Wọn a wá gbé gbogbo ara lé e, ọwọ́ a máa gun ọ̀pá náà lọ sókè, ọkọ̀ a sì gbéra lábẹ́ wa. Ẹni tó bá wò ó fìrí lè sọ pé agbára apá ni. Ní tèmi, ibi yíyọ ọ̀pá náà ni ọgbọ́n wà. Ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ Nokoué, ẹrẹ̀ sì máa ń di nǹkan mú. Bí ènìyàn bá fi ipá fà á, ọkọ̀ a dúró, gbogbo ohun tí apá ti ṣe a sì ṣòfò. Bí ó bá di ọ̀pá mú jù, ọkọ̀ a lọ, òun a kù lórí igi. Kí títì tó parí ni bàbá ti ń yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, tí ẹrẹ̀ á jọ̀wọ́ ọ̀pá, bí ìyá ṣe ń fa ọwọ́ yọ lábẹ́ orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ìrìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa ọ̀pá náà jáde. Wọn ò sì tíì gbé e sókè o. Wọn a jẹ́ kó wọ́ lẹ́yìn wa fún ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn a tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì, imú ọkọ̀ a sì yí síbi tí wọ́n fẹ́.

Omi yìí kì í dúró sójú kan láàárín ọdún. Odò Ouémé àti odò Sô ló ń tú sínú rẹ̀. Nígbà ìkún omi a jìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a fà. Ní 1885, àwọn Faransé la ọ̀nà omi kan ní Kútọnu láti adágún náà sí òkun, iyọ̀ òkun sì ń gbabẹ̀ wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ yẹn ló ń pa koríko olódòdó àlùkò tó máa ń bo ojú omi nígbà ìkún. Koríko náà ṣì pọ̀ nígbà tí a lọ. Níbi tó ti ki, àjẹ̀ ò ríbi wọ̀, àfi ọ̀pá tó lè gbabẹ̀ dé ilẹ̀. Bàbá tó wà ní ìdúró sì ń rí ojú omi tó mọ́ láti òkèèrè.

Lẹ́yìn náà la dé àárín àwọn acadja, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́ ẹrẹ̀ kí ẹja lè sá pamọ́ síbẹ̀, kí ó máa jẹ, kí ó máa bí sí i. Nígbà tó bá tó, olóhun a fi àwọ̀n yí i ká, a tú ẹ̀ka kúrò, a kó ẹja. Ohun ìní ni. Bàbá gé ìṣísẹ̀ ọ̀pá wọn kúrú níbẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó kan ẹ̀ka ẹnìkan. Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù ìjà ni. “Rárá,” ni wọ́n wí. “Oko ẹlòmíràn ni. Ṣé ẹ ó rìn lórí ẹ̀bẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni?”

Ní Ganvié fúnra rẹ̀, àwọn obìnrin ń tajà nínú ọkọ̀, àwọn ọmọdé ń wakọ̀ kiri. Ìyá olóńjẹ kan fi àjẹ̀ kan omi lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa láìgbá a. Àwọn Tofinu ló tẹ ìlú náà dó. Ìtàn wọn sọ pé àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú fún Dàhọ̀mì ni wọ́n sá fún. Mo wo ọ̀pá bàbá, mo sì ronú pé irú rẹ̀ ló gba ìran kan là.

Mi ò bá ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì wí. Aláìsàn tó ń lọ sí Calavi ò lè dúró de ọ̀pá. Ṣùgbọ́n owó tí a ń san fún àwọn ọlọ́kọ̀ ọ̀pá yìí kéré sí iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ ní òwúrọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dìde, kó má ná wọn ní ìná-kúná, kó sì kọjú sí ìdí ọkọ̀, kì í ṣe iwájú.