Nobilis: Ẹni Tí Igba Ojú Mọ̀

Látinú nobilis ti èdè Látìnì ni àwọn ará Yúróòpù ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe ọlọ́lá: noble ni lẹ́nu Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, nobile lẹ́nu ará Ítálì, nobre lẹ́nu Potogí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí á rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, pé ọmọ ìjòyè nìkan ló tọ́ sí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Noscere, tí í ṣe "mọ̀" lédè Látìnì, ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tí ojú mọ̀ ni nobilis. Ìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́ wà lọ́dọ̀ wa: gbajúmọ̀, ẹni tí igba ojú mọ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi wà nínú ìtàn tí Livy ará Róòmù kọ. Níbi tó ti ń ròyìn ẹjọ́ àwọn olùsìn Bacchus, òrìṣà wáìnì, lọ́dún 186 kí wọ́n tó bí Jésù, ó dárúkọ Hispala Faecenia, aṣẹ́wó kan tó ti ṣe ẹrú rí, ó sì pè é ní nobilis. Ta ni yóò fi oyè ìdílé dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lá ní Róòmù? Òkìkí obìnrin náà ni Livy ń sọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí ìdílé tí kọ́ńsúlù, olórí ìjọba tí ìlú ń dìbò yàn, ti jáde rí ni ará Róòmù ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìṣèlú? Òótọ́ ni. Cicero tó jẹ kọ́ńsúlù lọ́dún 63 kí wọ́n tó bí Jésù kò ní baba ńlá kankan tó jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀, "ènìyàn tuntun" ni wọ́n sì ń pè é, nígbà tí ọmọ rẹ̀ jẹ nobilis láìjà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ọlá náà ṣe kọ́kọ́ wọlé: ìlú ló dìbò fún baba. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, wọ́n á fi ìda ṣe àwòrán ojú rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ilé. Lọ́jọ́ ìsìnkú ará ilé mìíràn, àwọn kan á gbé àwòrán ojú àwọn baba ńlá wọ̀, wọ́n á múra bí olóyè, wọ́n á sì rìn lọ sí ojúde ìlú, bí egúngún ilé ṣe ń jáde. Ojú gan-an ni wọ́n fi ń jogún. Ìdílé tí ìlú ò bá dá ojú baba rẹ̀ mọ̀ kò ní nǹkan tí yóò gbé jáde.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náà tó di ti ẹ̀jẹ̀, ní Faransé pàápàá, níbi tí ọba tún ti ń ta ipò tó ń sọni di noble, títí ìgbìmọ̀ aṣòfin fi fagi lé ọlá àjogúnbá ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1790. Àwọn ará Jámánì kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ oyè: adlig ni wọ́n ń pe ọmọ ìdílé ọlọ́lá, nobel sì ni ẹni tó lawọ́ tí ìwà rẹ̀ gún régé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìtàn Róòmù sí Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ nobilis ní gbajúmọ̀, kí ẹ fi "ọmọ ọlọ́lá" sílẹ̀ fún àwọn ará Faransé ìgbà ọba.