Fèrè Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn àti Èdè Tí Kò Gbà Wọlé

Ẹlẹ́yẹlé ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1948, nínú àwọn ilé tí ó ti jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ìwé àtìgbàdégbà tiwọn, University Herald, nínú èyí tí Chinua Achebe ti tẹ díẹ̀ jáde nínú àwọn ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, tí òun náà sì ṣe olóòtú rẹ̀. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ báyìí dàgbà sí i ní 1958, nígbà tí Martin Banham, olùkọ́ ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, dá a lábàá pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ìwé ewì sílẹ̀. J. P. Clark ni olóòtú àkọ́kọ́. The Horn ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ìwo tí à ń fọn bí fèrè, ó sì ń dún títí di 1964.

Ẹni tí ó bá wá ewì tó gún régé nìkan nínú The Horn kò ní rí púpọ̀. Ní 1960 ni Banham ṣa díẹ̀ nínú àwọn ewì náà jọ sínú Nigerian Student Verse, ipasẹ̀ àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì sì hàn nínú ọ̀pọ̀ wọn: ìró wọn, ìwọ̀n ìlà wọn, àní ìbànújẹ́ wọn pàápàá. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tí ó bá fi èyí nìkan dá ìwé náà lẹ́bi kò mọ ohun tí ó wà fún. Bí ọmọdé kò bá ṣubú, kò lè mọ ìrìn. The Horn jẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀dọ́ akéwì lè ṣubú sí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, láìsí ìdánwò àti láìsí máàkì. Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ṣì ń kọ sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti jiyàn lórí négritude ní 1960. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń darí di àgbàlá tí wọ́n ti ń jiyàn lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà.

Ibi tí àléébù gidi wà ni èdè. Ogún ọdún kí The Horn tó jáde ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, ní 1938. Lásìkò tí wọ́n dá The Horn sílẹ̀ gan-an, D. O. Fágúnwà ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí fèrè náà ń fọ̀. Ó yẹ kí ìdájọ́ náà tọ́: Ijaw ni Clark ń sọ, Igbo ni Achebe, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni gbogbo wọn jọ gbọ́. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń múra wọn sílẹ̀ fún, kò sì sí Yorùbá lára ohun tí wọ́n lè gboyè nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n bá a ní títì ni. Ohun tí a lè bi wọ́n ni ìdí tí wọn kò fi kàn án.

Ìgbẹ̀yìn ayé iṣẹ́ wọn fi hàn pé ó wù wọ́n láti kàn án. Ní 1968, Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1977, Clark tẹ ìtàn Ozidi jáde ní èdè Ijaw pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn méjèèjì padà sí ilé, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó padà: olùtumọ̀ ni ọ̀kan, akójọ-ìtàn ni èkejì. Kò sí èyí tí ó kọ́ṣẹ́ ewì ní èdè ìyá rẹ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ó ti kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí Yorùbá pàdánù nìyẹn. Lítíréṣọ̀ Yorùbá àpilẹ̀kọ dàgbà, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú olùkọ́ àti ti àwọn tí ń tẹ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dàgbà. Ìwé tí ó yẹ fún ọmọ kíláàsì a máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀; a máa parí sí ẹ̀kọ́ ìwà. Àṣìṣe onígboyà, tí ó sọ ewì Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn di tuntun, kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá.

Lónìí, Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn wà lójú ọ̀nà Sángo sí Ẹlẹ́yẹlé, kò jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé yòówù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá sílẹ̀ ní àgbègbè náà, kò pọn dandan kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ojú ewé mélòó kan ní Yorùbá, tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe olóòtú rẹ̀, tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí a má sì fi bí ewì ibẹ̀ ti dán tó wọn ìwé bẹ́ẹ̀; kí a fi bí ó ti gba ọ̀dọ́ láyè tó láti ṣì í kọ wọ̀n ọ́n.