Imú Ọkọ̀ Tó Kọ́gbọ́n Lára Ẹyẹ

Ẹ bá mi yin Eiji Nakatsu, ẹnjiníà ará Japan. Ọkọ̀ ojú irin Shinkansen tó ń sáré láàárín Osaka àti Hakata máa ń gba inú ihò òkè kọjá léraléra. Bí ọkọ̀ bá fi eré burúkú já wọ irú ihò bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ kì í ráyè yà. Á fún pọ̀, ìgbì rẹ̀ á ṣáájú ọkọ̀ dé ẹnu ihò lódìkejì, á sì dún gbàù bí ìbọn. Ariwo yìí ń yọ ará àdúgbò lẹ́nu.

Nakatsu fẹ́ràn láti máa wo ẹyẹ. Ó rántí ẹyẹ apẹja, tó ń já láti òfuurufú wọnú odò láìta omi púpọ̀ sókè. Àgógó ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń fẹ̀ lọ sẹ́yìn. Àṣírí rẹ̀ gan-an nìyẹn: imú tí kò fẹ̀ lójijì ń fún afẹ́fẹ́ láyè láti yẹra. Irú imú bẹ́ẹ̀ ni Nakatsu bá wọn ṣe sí 500 Series, ọkọ̀ Shinkansen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1997. Imú náà gùn tó mítà 15, ó ju ìdajì kọ́ọ̀ṣì iwájú lọ! Ó gba àyè ìjókòó èrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń sá kìlómítà 300 ní wákàtí kan, ó sì tún rẹwà.