Ìkòkò Frejon ní Ọjọ́ Ẹtì Rere

Bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá ti mọ́ ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, òórùn àgbọn àti kànáfùrù ni í kọ́kọ́ kí èèyàn káàárọ̀. Frejon, ẹ̀wà olómi àgbọn, ti wà lórí iná nìyẹn.

Àwọn Àgùdà ló gbé e dé, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, tí wọ́n padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia lọ́dún 1835. Feijão ni àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà. Ẹnu wa ló sọ ọ́ di frejon.

Ẹ̀wà á jinná títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, omi àgbọn á tẹ̀lé e, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Ìyá àgbà kan tí mo jókòó tì kò gbé ọwọ́ kúrò lórí orógùn títí ó fi ki. Bí wọn ò bá rò ó, á jó nídìí. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, torí ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ẹran.

Abọ́ tó ń jáde lọ sílé aládùúgbò ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mùsùlùmí á gba tirẹ̀. Òun náà á bu ẹran Iléyá ránṣẹ́ tó bá yá. Ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni Ọjọ́ Ẹtì Rere, síbẹ̀ ara tu gbogbo ilé, torí wọ́n mọ̀ pé ibojì Jésù á ṣófo lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bọ́ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tó tún fojú kan ilé, ó mọ ohun tí àjíǹde jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìyá yín àgbà ṣì mọ̀ ọ́n sè, ẹ gba orógùn lọ́wọ́ wọn lọ́dún yìí.